Bí Mo Ṣe Fi Rìmóòtù Di Etí Bàbá Mi

Ní ilé wa ní Ìdó-Èkìtì, ohun mẹ́ta ni Bàbá mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn láìtọrọ àyè: àpò owó rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó fi ń lọ ata, àti rìmóòtù hóòmù tíátà. Èyí kẹta ni mo fọwọ́ kàn. Ohun tó tìdí rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló ra ẹ̀rọ náà ní tòkunbọ̀, tó sì fi mọ́tò gbé e ránṣẹ́ sílé. Risífà kan wà níbẹ̀ tó wúwo débi pé èmi àti àbúrò mi la jọ gbé e wọlé. Sípíkà kéékèèké márùn-ún tẹ̀lé e, pẹ̀lú wúfà ńlá kan. Kò sí ìwé ìlò nínú páálí. Àbúrò mi so wáyà bó ṣe rò pé ó yẹ, ohùn jáde, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, ó parí. Sípíkà kan tó gùn gbọọrọ tí a kò mọ ibi tó yẹ kó wà, a tì í sábẹ́ tábìlì tẹlifíṣọ̀n. Màmá mi sì ta aṣọ tábìlì rẹ̀ tó ní léèsì létí bò ó kí eruku má baà bà á jẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá mi bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ìlọta rẹ̀ lọ́jà, tó wẹ̀, tó jẹun, tí iná sì wà, fíìmù Yorùbá ló kù. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí bí mo bá wà nílé. Ibẹ̀ ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà ojú risífà yẹn kì í ṣe 1, 2, 3 tí a mọ̀ lára rédíò. Láti -80 ló ti ń gòkè bọ̀ títí dé 0. Bó bá ṣe ń sún mọ́ 0 ni ariwo ń pọ̀ sí i. -35 tó èmi. Bàbá mi kì í dá ọwọ́ dúró àfi tó bá dé -10. Nígbà tí àwọn òṣèré bá ń sọ̀rọ̀, ó ṣeé fara dà. Àmọ́ bí babaláwo bá yọ nínú fíìmù báyìí, tí ìlù àti orin ìpayà bá bú jáde, gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n, ewúrẹ́ tó sùn sẹ́yìnkùlé á sì dìde.

“Bàbá, ariwo yìí pọ̀ jù.”

“Àwọn òṣèré ìsinsìnyí ni wọ́n ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́nu. Wọn kì í la ẹnu sọ̀rọ̀.”

Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, lójoojúmọ́.

Nígbà ìsinmi Kérésìmesì ọdún tí mo wọ ipele kejì, ìyàwó ilé kejì bímọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ọmọ náà lọ́wọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ ò tíì sùn láti àná.” Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó ní, “A dúpẹ́ o. Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kú ewu ọmọ.” Obìnrin náà wo ojú mi. Ojú tì mí bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu. Mo rò pé Bàbá mi ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni, pé ìgbéraga àgbà ni. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé kò gbọ́ lóòótọ́.

Lóru ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti sùn, mo mú rìmóòtù, mo wọ inú ètò ẹ̀rọ náà. Mo ti rí i nínú fídíò kan pé irú risífà bẹ́ẹ̀ ní ibi tí èèyàn ti lè fi ààlà sí fólúùmù. Bí o bá ti fi ààlà sí i, kò sẹ́ni tó lè kọjá ibẹ̀, bó fẹ́ kó tẹ rìmóòtù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo fi ààlà sí -30. Mo dá rìmóòtù padà sí ibi tí mo ti mú un. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí n sọ òtítọ́, inú mi dùn. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá mi tẹ rìmóòtù títí, nọ́ńbà kò kúrò ní -30. Ó gbọn rìmóòtù náà. Ó pààrọ̀ bátìrì. Ó wo ojú risífà fún ìgbà díẹ̀, ó wá gbé rìmóòtù sílẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo padà sí Ọ̀yẹ́.

Láti Ìdó sí Ọ̀yẹ́ kò jìnnà, ẹ gba Ìfàkì, ẹ ti dé. Àmọ́ ìdánwò kéékèèké àti àìsówó mọ́tò kò jẹ́ kí n lọ sílé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí mo bá pe Màmá mi lórí fóònù, ó máa ń sọ pé àlàáfíà ni. Ìgbà kan ló kàn sọ pé, “Bàbá rẹ kì í wo fíìmù mọ́. Bó bá jẹun tán, á lọ sùn.” Mo dá a lóhùn pé ó dáa bẹ́ẹ̀, kó máa sinmi.

Kíláàsì fónẹ́tíìkì ló la ojú mi. Olùkọ́ wa gbé dùndún wá lọ́jọ́ kan. Ó lu ohùn méjì, ìsàlẹ̀ àti ìsàlẹ̀, ó ní ká sọ ọ̀rọ̀ tí ìlù náà pè. Ẹnìkan ní “ọ̀sẹ̀”. Ẹlòmíràn ní “ọ̀tẹ̀”. “Ẹ̀ṣẹ̀!” “Ẹ̀fẹ̀!” “Ìlù!” Kíláàsì dàrú. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo wa la gbà á, gbogbo wa la sì ṣì í, nítorí ohùn nìkan ni ìlù ń sọ. Kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó dákẹ́. Odindi oríkì tàbí òwe ló máa ń lù, kí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lè dá a mọ̀. Ó fi kún un pé ohùn lágbára púpọ̀ nínú èdè wa: àwa ọmọ Èkìtì ń pe ilé ní “ulé”, fáwẹ̀lì ti yí padà, àmọ́ ohùn ò yí, kò sì sí ará Ìbàdàn tí kò ní mọ ohun tí à ń wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe Bàbá mi.

“Ẹ káalẹ́ sà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀ wálé.”

“Ọ̀tẹ̀?” Ohùn rẹ̀ yí padà. “Ọ̀tẹ̀ wo ló ń bọ̀? Ṣé kò sí wàhálà níléèwé yín?”

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Mo dúró sẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú fóònù létí, àwọn ọ̀rọ̀ tó ti kọjá sì ń padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí Màmá mi ní òun ra ẹ̀fọ́, tí Bàbá mi béèrè pé ẹ̀ṣọ́ wo, ṣé Àmọ̀tẹ́kùn ni. Ọjọ́ tí pásítọ̀ inú fíìmù kan ń pariwo pé “Ẹ̀ṣẹ̀ ni!”, tí Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, tó ní, “Ẹ̀fẹ̀ kẹ̀?” Obìnrin tó gbé ọmọ wá. Gbogbo rẹ̀ la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Bàbá mi ń gbọ́ wa gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ dùndún: ohùn ń dé etí rẹ̀, kọ́ńsónáǹtì ń já bọ́ lọ́nà. Ó wá ń fi làákàyè dí àlàfo ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkọ̀lé. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì wa sílẹ̀ ní 2011, ọgbà méjì la ní, àwọn ẹlẹ́ńjínníà sì wà ní ọgbà Ìkọ̀lé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì ń kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná níbẹ̀. Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó fa bébà yọ.

Ó ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, tí a ń kọ ní dB, ni nọ́ńbà ojú risífà náà, kì í sì í ṣe irú nọ́ńbà tí a ń kà lórí ìka. Bó bá fi 3 gòkè, agbára tó ń lọ sí sípíkà ti di ìlọ́po méjì. Bó bá fi 10 gòkè, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé létí èèyàn, ó kàn máa ń dà bí ìlọ́po méjì ni. “Láti -10 sí -30 tí o fà á sí,” ó ní, “ogún dB nìyẹn. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí bàbá rẹ ń lò lo fi sílẹ̀ fún wọn.” Ó wò mí. “O kúkú gbọ́n o.”

Ó tún sọ ohun kan tí n kò lè gbàgbé. Orúkọ Alexander Graham Bell, ẹni tó gba ìwé àṣẹ lórí tẹlifóònù ní 1876, ló wà nínú ọ̀rọ̀ “dẹ́síbẹ́ẹ̀lì”. Ìyá Bell kò gbọ́ràn dáadáa, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ adití láti kékeré. Olùkọ́ àwọn adití ni òun fúnra rẹ̀ kó tó di gbajúmọ̀. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn: orúkọ ẹni tó gbé láàárín àwọn tí kò gbọ́ràn ni mo fi ń ka nọ́ńbà tí mo fi dí bàbá mi létí.

Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ní èmi nìkan kọ́ ni mo jẹ̀bi, pé fólúùmù tí Bàbá mi ń gbé sókè náà kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ìró tó gbé ohùn ọ̀rọ̀, èyí tí a fi ń mọ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kò ga: ti ọkùnrin sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí 100 sí 200 Hz. Àmọ́ ìró bí “s” jìnnà sókè, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń kọjá 4,000 Hz. Agbègbè 4,000 yẹn gan-an sì ni ariwo ẹ̀rọ ti máa ń kọ́kọ́ ba etí jẹ́. Bí èèyàn bá gbé fólúùmù sókè, gbogbo ìró ló gbé sókè pọ̀: ọ̀rọ̀, ìlù, ìbọn, àti wúfà. Ariwo á pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ yé e sí i.

“Ta ní ń lo sípíkà àárín yín?” ó bi mí.

“Èwo ni sípíkà àárín?”

Ó dorí kodò. Ó ní nínú sípíkà márùn-ún, èyí tó gùn gbọọrọ yẹn ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú fíìmù tí wọ́n ṣe fún sípíkà mẹ́fà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré máa ń gbà jáde. Èyí tí a tì sábẹ́ tábìlì, tí a fi aṣọ bò.

Mo délé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e. Bàbá mi jókòó síwájú ilé, kì í ṣe iwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo kí i, mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ yọ ààlà -30 náà kúrò. Mo fa sípíkà gígùn náà jáde lábẹ́ aṣọ, ògiri ló tilẹ̀ kọjú sí. Ìró tó lọ sílẹ̀ lè yí ògiri ká, kó la aṣọ kọjá. Ìró tó ga, bí “s” àti “f”, tààrà ló ń lọ. Aṣọ lásán lè dín in kù. Mo gbé e sókè níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo kọjú rẹ̀ sí àga Bàbá mi, mo fi bébà kékeré gbé ẹnu rẹ̀ sókè kó lè wo etí rẹ̀ gan-an.

Mo tún rí i pé orí “Stereo” ni ẹ̀rọ náà ti wà láti ọjọ́ tí a ti rà á. Lórí ètò yẹn, sípíkà iwájú méjì àti wúfà nìkan ló ń ṣiṣẹ́; ti àárín kò sọ̀rọ̀ rí. Ọ̀pọ̀ fíìmù tí a ń wò sì jẹ́ olóhùn méjì, nítorí náà mo yí ètò náà sí “Pro Logic”, èyí tí í máa fa ọ̀rọ̀ ẹnu yọ láti inú ohùn méjì náà wá sí àárín. Lẹ́yìn náà, mo lọ sí ibi tí a ti ń ṣe ìwọ̀n sípíkà kọ̀ọ̀kan. Mo fi 5 dB kún ti àárín, mo yọ 6 dB kúrò lára wúfà. Wákàtí kan kò pé.

Mo pe Bàbá mi wọlé. Mo fi fíìmù sí i. Mo gbé fólúùmù sí -26, mo gbé rìmóòtù lé e lọ́wọ́. Ó wo nọ́ńbà náà, ó wo mí. Ó dákẹ́, ó ń gbọ́. Ọkùnrin inú fíìmù ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí owó ilé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bàbá mi ní, “Obìnrin yìí ló jàre.” Màmá mi tó wà ní ilé ìdáná dáwọ́ dúró. Ó ti pẹ́ tí Bàbá mi ti bá fíìmù jiyàn gbẹ̀yìn.

N kò lè mú un mọ́ra. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe lóru Kérésìmesì. Mo ń retí kó bínú. Kò bínú. Ó fi rìmóòtù sórí itan rẹ̀.

“Ìwọ ni?” ó ní. “Èmi rò pé etí mi ló parí.”

Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí nọ́ńbà ò gòkè mọ́, tí òun ò sì gbọ́ nǹkan kan, òun gbà pé ẹ̀rọ ò bàjẹ́, nítorí àwa yòókù ń gbọ́. Òun ronú pé etí òun ti kú pátápátá. Òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí òun máa ta ẹ́ńjìnnì ìlọta fún, nítorí bí oníbàárà bá sọ iye tó fẹ́ lọ, tí òun ò gbọ́, ìjà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Bàbá mi fi gbé ẹrù yẹn kiri láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo gbé e rù ú wà ní Ọ̀yẹ́, mò ń ka ìwé lórí ohùn èdè Yorùbá.

Ní ọjọ́ Ajé, a jọ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó níbí, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn etí. Wọ́n fi gbohùngbohùn bò ó létí, wọ́n ní kó tẹ bọ́tìnì nígbàkigbà tó bá gbọ́ ìró. Mo ń wò ó láti ìta. Fún ìró tó lọ sílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíá. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ dúró. Ìró ṣì ń dún. Ó jókòó síbẹ̀, ó tẹ́tí, ó ń retí. N kò ní gbàgbé ìka yẹn.

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nídìí ẹ́ńjìnnì ìlọta láìfi nǹkan dí etí ló ṣe é. Àwọn irun tín-ín-tìn-ín inú etí ló ń gba ìró, bí wọ́n bá sì ti kú, wọn kì í hù padà. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lè ràn án lọ́wọ́. A ti béèrè iye owó rẹ̀. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi ti ń dá owó jọ. A ò tíì dé ibẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà ṣì wà, Bàbá mi ò tà á. Àmọ́ òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń lo ìdítí nísinsìnyí. Oníbàárà tó bá fẹ́ lọ ata á fi ìka sọ iye, tàbí kó kọjú sí i sọ̀rọ̀. Àwa náà nílé ti mọ̀ pé a kì í pe Bàbá láti ẹ̀yìn. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé e, a kì í pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. A máa ń fi gbólóhùn mìíràn sọ ọ́, bí onílù ṣe ń fi òwe ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí pẹ̀lú gbohùngbohùn létí, ẹ jẹ́ kí n sọ tiyín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó wà ní 80 dB fún wákàtí ogójì lọ́sẹ̀ kan. Bó bá di 90 dB, wákàtí mẹ́rin péré ni. Nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, mo mọ àwọn tó ń lo wákàtí mẹ́rin wọn tán kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Bí ẹ bá sì dé ilé nígbà ìsinmi, tí bàbá tàbí ìyá yín ń gbé fólúùmù sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má kọ́kọ́ gba rìmóòtù lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo ibi tí sípíkà kọjú sí. Ẹ wo bóyá aṣọ wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí òṣèré ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

Ní àná, Bàbá mi pè mí lórí fóònù. Ó béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀. Mo ronú díẹ̀ kí n tó dáhùn. Mo ní, “Bàbá, bí a bá ka ọjọ́ méje sí òní, ẹ máa rí mi.”

“Ó dáa,” ó ní. “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn.”